Ẹ Má Bá Wọn Parí Eré Náà: Bí A Ṣe Ń Fi Eré àti Orin Tú Ọ̀rọ̀ Tó Ta Kókó ní Abúlé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń dun ará abúlé kan, ẹ má tíì pe ìpàdé. Ní ìpàdé, Baálẹ̀ á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, akọ̀wé á tẹ̀lé e, ẹni tó ra mọ́tò láìpẹ́ á fi tirẹ̀ kún un. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn á ní "a ti gbọ́." Ẹ ó jẹ bisikíìtì, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó túká. Ọ̀rọ̀ gidi ṣì wà nídìí ààrò níbi tí wọ́n fi í sílẹ̀ sí kí wọ́n tó wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí onílù kan jókòó sábẹ́ igi lọ́jọ́ kejì, kí ẹnì kan fi orin bú ọ̀nà tí kò ṣeé rìn, ẹ ó gbọ́ èyí tí ìwé àkọsílẹ̀ yín kò ní gbà tán.

Agbègbè Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní Yewa, Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí oko ẹlòmíràn ti ń wọ ilẹ̀ Benin láìsí ẹni tó rí ààlà. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ni mò ń kọ́ kí n tó bọ́ sídìí eré. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Ìyá Eléré, àwọn àgbà kan ń pè mí ní aláriwo, mo sì ń jẹ́ méjèèjì. Ẹ̀yin tí mò ń kọ èyí fún ni olùkọ́ abúlé, agùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé síbi tí kò mọ ẹnì kankan, òṣìṣẹ́ ìlera tí wọn kì í gbọ́ràn sí lẹ́nu, àti ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó tàbí Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ ṣe ju kó máa fi owó ránṣẹ́ lọ.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀: ẹ má bá wọn parí eré náà. Eré tí ẹ ti parí kí ẹ tó gbé e dé ìlú, ìwàásù ló jẹ́, àwọn ará abúlé sì ti ní Lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ tó mọ ìwàásù ṣe jù yín lọ. Gbogbo ohun tó kù nísàlẹ̀ yìí, bí ẹ ṣe máa dé ibi tí ẹ ti lè dá eré dúró láàárín ni.

Àwọn baba wa ti ṣe é

Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ní Yewa àti Kétu, òru ẹ̀fẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa ètò ìdàgbàsókè ìgbèríko. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí òru ẹ̀fẹ̀ jẹ́ apá kan rẹ̀, ní àjogúnbá pàtàkì ní ọdún 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Ère tí wọ́n ń gbé sórí ni àlejò máa ń ya fọ́tò rẹ̀ jù. Ní tèmi, òru tó ṣáájú ijó ọ̀sán ló kàn mí. Lóru náà, Àràbí Ajígbálẹ̀ á jáde gbá ojú agbo. Agbéná á gbé iná wá lórí, Apaná á wá pa iná. Tètèdé á kọrin pe ẹnìkejì rẹ̀, ìgbà náà ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, akọrin tó ni òru náà, á tó yọ. Yóò júbà, yóò júbà àwọn ìyá wa dáadáa, kó tó wá kan ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́, ọkọ tó ń lu ìyàwó, olóṣèlú tó ṣèlérí omi tó gba ìbò tán tí kò padà wá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n gbálẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó wọlé. Wọ́n pa iná kí ẹnu tó là. Bí iná bá kú, ta ló máa mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín olóyè? Wọ́n júbà kí wọ́n tó bú. Ẹni tó bá fẹ́ kó àwọn ènìyàn jọ láti sọ ọ̀rọ̀ líle, tí kò sì ní nǹkan mẹ́ta yìí, kó padà sílé lọ rò ó wò.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ níhìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ní ilé tó ni ín. Ẹ má lọ yá ère, ẹ má ran aṣọ tó jọ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ má sọ pé "àṣà ni, gbogbo wa la ni ín." Ohun tí a lè mú lò ni ìlànà orin rẹ̀: ìjúbà, lílé àti ègbè, àti ẹ̀tọ́ tí akọrin ní láti sọ òótọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sílé ẹjọ́. Bí abúlé yín kò bá ní ẹ̀fẹ̀, wọn ò ní ṣàì ní nǹkan mìíràn: ìjálá àwọn ọdẹ, ẹkún ìyàwó, wákà, orin àwọn obìnrin níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ẹ bèèrè. Ẹ má kó tiyín wá láti ìlú ńlá.

Ẹ má yan ọ̀rọ̀ fún wọn

Ní ọdún 1974, ní Botswana, àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré, orin àti ọmọláńgidi lọ sí àwọn abúlé Bokalaka. Èrò wá wò wọ́n. Lẹ́yìn eré wọ́n máa ń jókòó jíròrò. Ó dára, àwọn ènìyàn sì tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ gan-an ló wá kọ̀wé lẹ́yìn náà pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń yan ọ̀rọ̀, tí ará abúlé sì ń dáhùn ìbéèrè tí òun kò béèrè. Ní Zaria, láti 1977, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eré ní Yunifásítì Ahmadu Bello kọ́kọ́ ń ṣe eré fún àwọn àgbẹ̀ ní Soba. Nígbà tó yá, wọ́n pa eré tí wọ́n ti parí kí wọ́n tó dé ìlú tì, wọ́n lọ ń jókòó ti àwọn àgbẹ̀ ní Bomo, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wọn kọ́ eré. Ẹsẹ̀ ìkejì yìí ni kí ẹ tọ̀.

Báwo lẹ ó ṣe gbọ́? Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń bó gbágùúdá. Ẹ gba ọ̀bẹ. Ẹ má yọ bírò. Bí ẹ bá yọ bírò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tí wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ gbọ́: "omi, iná, ọ̀nà." Òótọ́ ni omi, iná àti ọ̀nà, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ní Nàìjíríà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè fi í kọ́ eré. Èmi máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè tó yà kúrò lójú ọ̀nà: kí lẹ ń rà báyìí tí ẹ kì í rà tẹ́lẹ̀? Ta ló kúrò nílé lọ́dún yìí? Èwo nínú ọ̀nà oko ni ẹ kò gbà mọ́?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ló kọ́ mi bí ìṣòro ṣe ń wọ́ ara wọn. Ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ní oṣù kọkànlá, àwọn aṣọ́bodè ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ìròyìn orí rédíò ni fún ẹni tó wà l'Ábẹ́òkúta. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá ń fi epo ṣiṣẹ́. Ọ̀kadà ń fi epo rìn. Nígbà tí owó ọ̀kadà fò sókè, àwọn òbí ṣírò ó pé ọmọ mélòó ló lè máa lọ sílé ẹ̀kọ́ girama tó jìnnà, àwọn ọmọbìnrin ló sì kọ́kọ́ jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n jókòó sílé, ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwòrán tó ní "oyún ọmọdé kò dára", ìdí ọ̀rọ̀ kọ́ ló dì mú. Obìnrin tó ń bó gbágùúdá mọ gbogbo okùn yẹn láti orí dé ìdí. Kò sí ẹni tó bi í ni.

Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ tó, ẹ mú ọ̀kan. Èyí tí mo máa ń mú ni ọ̀rọ̀ tí àwọn méjì tó ń bínú síra wọn jọ máa ń mẹ́nu bà, tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ yàtọ̀.

Ilẹ̀kùn tí ẹ gbọ́dọ̀ kàn

Baálẹ̀ ni àkọ́kọ́, pẹ̀lú obì àti ọtí bí ìlú yín bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyálọ́jà, Lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀, olórí ọdẹ, olórí àwọn ọ̀dọ́. Ní ìlú tí Fúlàní bá wà, ẹ lọ bá Sẹ́ríkí, olórí wọn, nínú gáà rẹ̀ fúnra yín, ẹ má ránṣẹ́ pè é. Kí ẹ lọ jókòó lórí ẹní rẹ̀, kí ẹ mu wàrà tó bá gbé fún yín, ìyẹn nìkan ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ẹ kọ lẹ́tà sí àgọ́ ọlọ́pàá pé eré ìbílẹ̀ àti àpérò ni ẹ fẹ́ ṣe, kí Baálẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan dání lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan máa ń rò pé àṣejù ni. Ní Kenya ní 1977, àwọn ará abúlé Kamiriithu fi ọwọ́ ara wọn kọ́ gbàgede eré, wọ́n fi èdè Gikuyu ṣe eré lórí ilẹ̀ àti owó iṣẹ́. Ìjọba fòfin de eré náà, wọ́n gbé òǹkọ̀wé Ngugi wa Thiong'o tó wà nídìí ẹ̀ sẹ́wọ̀n ní ìparí ọdún yẹn, ní 1982 wọ́n wó gbàgede náà palẹ̀. Eré kékeré ni tiwa, kò dé ibẹ̀. Síbẹ̀, níbi tí ènìyàn bá ti pọ̀ lóru, tí wọ́n sì ń sọ orúkọ ẹni tó ń gba owó, ó yẹ kí ìwé wà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ara wọn

Òṣèré yín, ará abúlé ni kí wọ́n jẹ́. Ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó. Ẹ má wá ẹni tó mọ eré ṣe. Ẹ wá ẹni tí wọ́n máa ń yí ká lọ́jà nígbà tó bá ń ròyìn. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ sọ ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ bá gùn ẹ gé e. Ìṣẹ́jú ogún tó fún eré tí ẹ kò ní parí.

Òfin tí mi ò fi ṣeré ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ara rẹ̀. Ọdẹ ni kó ṣe darandaran. Ọmọ tó ń da màlúù ni kó ṣe àgbẹ̀. Ìyá ẹgbẹ́ ni kó ṣe Baálẹ̀. Ìdí kan ni pé ẹ̀rín ń mú kí ọkàn rọ̀. Ìdí kejì tó jù ú lọ: kí ọdẹ tó lè ṣe darandaran tí èrò á gbà gbọ́, ó gbọ́dọ̀ lọ bèèrè lọ́wọ́ darandaran bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ẹ bá rí ọkùnrin méjì tí wọn kò kíra láti ọdún tó kọjá tí wọ́n dúró lẹ́yìn ilé, tí ọ̀kan ń kọ́ èkejì bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀pá lé èjìká, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sún mọ́ wọn.

Orúkọ inú eré gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ẹni tí kò sí nílùú. Ẹ wádìí dáadáa. Bí ẹ bá pe òǹtajà ilẹ̀ ní Bàbá Mùfú, tí Mùfú kan bá wà ní ìsàlẹ̀ ọjà, ìjà lẹ mú wá yẹn. Àwa máa ń lo orúkọ bíi Olówó-Ò-Gbọ́, Ìyá Sùúrù, Ẹ̀gbọ́n Jìgí.

Orin ni kí ẹ fi ṣí i. Ẹ ṣe ègbè kúkúrú tí ọmọdé lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, kí lílé máa gbé ọ̀rọ̀. Èyí tí a lò fún ọ̀rọ̀ màlúù ní abúlé kan lọ́nà Ìlárá rèé:

Màlúù ò mọ ààlà o,
Àwa la mọ̀ ọ́n.
Ta ló gbin kajú dí ọ̀nà odò?
Àwa la mọ̀ ọ́n.
Ta ló gbowó lóru tí ò délé Baálẹ̀?
Àwa la mọ̀ ọ́n,
Ẹnu wa ò gbà á sọ.

Ẹ rí i pé kò dárúkọ ẹnì kankan, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò mọ ẹni tí à ń bá wí. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, àwọn obìnrin ló fi kún un nígbà ìdánrawò. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé a ti ní eré.

Ibi tí ẹ máa dá a dúró

Ará Brazil kan, Augusto Boal, ló fi ọ̀nà yìí han aráyé dáadáa. Ó wà nínú ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan ní Peru ní 1973, irú iṣẹ́ tí èmi náà ṣe kí n tó bọ́ sídìí eré, ó sì máa ń jẹ́ kí òǹwòran dá eré dúró kí wọ́n wá bọ́ sínú agbo láti fi han bí àwọn ṣe máa ṣe é. Kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Ta ló ń pa àlọ́ nílé wa tí àwọn ọmọ kì í dá a lẹ́nu?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́nà Ìlárá yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé màlúù ń jẹ oko. Nígbà tí a jókòó dáadáa, a gbọ́ pé ọ̀nà tí màlúù ń gbà lọ sódò láyé àtijọ́ ti di oko kajú, torí ìdílé kan tà á. A gbọ́ pé àwọn Fúlàní inú gáà ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bínú tó dáyé, àwọn mìíràn sì wà tó ń kó agbo wọlé lóru ní ẹ̀ẹ̀rùn tí wọn kì í dúró kí ẹnikẹ́ni. A tún gbọ́, ní ohùn jẹ́jẹ́, pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń wọlé lóru náà.

Nínú eré, Olówó-Ò-Gbọ́ ta ilẹ̀. Àgbẹ̀ jí, ó rí i pé àgbàdo òun ti di pòròpórò. Darandaran dé, ó ní, "Èmi sanwó." Àgbẹ̀ ní, "Ta lo san án fún?" Ẹ̀gbọ́n Jìgí, tó wọ jígí dúdú lóru, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti lu agogo. Mo ní ó parí.

Èrò pariwo. "Kí ló dé? Ẹ máa ṣe é lọ!" Mo ní a kò mọ bó ṣe parí, pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá ṣe é. Ariwo náà gbà tó ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ má fi ìdáhùn dí i. Ẹni tó kọ́kọ́ dìde kò tìtorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dìde rárá. Ìyá Fúlàní kan tó ń ta wàrà ni. Ó wọ agbo, ó gba igbá lọ́wọ́ ọmọbìnrin wa tó ṣe ìyàwó darandaran, ó ní bó ṣe gbé e yẹn, gbogbo wàrà ti dànù. Ó ká òṣùká, ó gbé igbá lé orí, ó rìn yí agbo ká láìfọwọ́ kàn án. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ló wá sọ ọ́, pẹ̀lú Yorùbá tó já gaara, pé àwọn tó ń wọlé lóru, àwọn náà ń bẹ̀rù wọn, pé wọ́n máa ń mu omi odò náà di ẹrẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àgbẹ̀ kan béèrè láti ẹ̀yìn: "Ta ló wá ń júwe ọ̀nà fún wọn?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Mo wo onílù, mo mi orí fún un pé kó má lù ú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó gba jígí lójú Ẹ̀gbọ́n Jìgí, ó ní òun á ṣe é bó ṣe yẹ. Ó ṣe é bíi pé ó gba owó, ó sì gbé e lọ fún Baálẹ̀ inú eré. Ìyá ẹgbẹ́ tó ń ṣe Baálẹ̀ ti tan ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń fín áṣáà, ó ní, "Ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ sinmi." Baálẹ̀ gidi rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́. Nígbà tó gbé fìlà rẹ̀, ó ní rárá o, òun kò fẹ́ owó yẹn, pé bí òun bá gbà á, òun náà ti júwe ọ̀nà. Láti ibẹ̀, eré ti di ìpàdé, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó yí padà.

Wọ́n fẹnu kò lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ọdẹ méjì àti ọmọ Fúlàní méjì á jọ máa ṣọ́ odò ní ẹ̀ẹ̀rùn, àti pé àlejò tó bá kó màlúù dé gbọ́dọ̀ kí Sẹ́ríkí kó tó sùn. Wọ́n tún ṣí apá kan ọ̀nà odò. Apá kejì ṣì wà nínú kajú, torí ẹni tó gbìn ín gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, eré kò sì lè dá ẹjọ́ ilẹ̀.

Ẹni tó ń darí agbo

Iṣẹ́ tó le jù nìyí, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ kò lè ṣe é. Bí àgbàlagbà kan bá dìde tó fẹ́ fi òwe pa ọ̀rọ̀ náà dé, ẹ kí i, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi hàn wá nínú agbo." Àwọn kan á wá, á sì dùn. Àwọn kan á jókòó padà. Bí àwọn obìnrin kò bá sọ̀rọ̀, ẹ má pè wọ́n lórúkọ. Ẹ dá orin padà, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn nínú ègbè. Ẹni tó bá mutí, ẹ fún un ní agogo kó máa lù. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń ṣiṣẹ́.

Gbólóhùn kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ sọ: "Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú eré yìí ni pé..." Bí ẹ bá ti sọ ọ́, wọ́n á gbé ìjókòó wọn.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Àkókò tó dára jù ni lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí òṣùpá bá wà. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọjà, wọ́n á ti rẹ̀. Lásìkò ààwẹ̀ Rámádáánì ẹ sún un síwájú, kí ẹ má bá ìrun asámù alẹ́ jìjàdù èrò. Ẹ jókòó ní òbìrí, ẹ má ṣe pèpéle. Máíkì ni ọ̀tá yín: ẹni tó bá gbà á kì í fi í sílẹ̀, àwọn tí kò lò ó rí á sì dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ náà ń pariwo. Àtùpà sólà méjì tàbí mẹ́ta tó. Ẹ fi àwọn ọmọdé síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gun orí igi.

Ẹ san owó onílù. Ẹ san án kó tó lù, kí ó má lọ di pé ẹ bẹ̀ ẹ́ nítorí "ti ìlú ni." Ìlú kọ́ ló ń bọ́ ilé rẹ̀. Òṣèré ẹ fún lóúnjẹ. Èrò, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan: kò sí fáníìlà, kò sí owó ọkọ̀, kò sí sìgá. Mo ti rí abúlé tí àwọn àjọ kan ti ń pín fáníìlà títí tí ará ibẹ̀ fi ń bèèrè pé irú eré wo ni ẹ ń ṣe tí kò ní fáníìlà.

Ọ̀rọ̀ fóònù: ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ya fídíò nígbà àpérò. Kí wọ́n ya orin, kí wọ́n ya ijó. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin sọ nínú agbo lálẹ́, bí ó bá dé WhatsApp ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ l'Ékòó lówùúrọ̀, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ ṣe é

Níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ, ẹ má gbé ìlù débẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àwọn ará abúlé kan ní Àríwá Yewa sá kọjá sí ilẹ̀ Benin nítorí ìkọlù. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n ní kí wọ́n dẹ́kun fífi màlúù jẹko káàkiri ní gbangba. Àwọn kan ké sí mi lákòókò yẹn pé kí n wá ṣe eré àlàáfíà. Mo ní ó di ìgbà tí wọ́n bá sin òkú tán, tí wọ́n bá padà sílé, tí wọ́n bá rí nǹkan jẹ. Ẹni tí ilé rẹ̀ jóná kò wá òṣèré, òrùlé ló ń wá. Bákan náà, bó bá jẹ́ àwọn ajínigbé ló wà nínú igbó, iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ọdẹ ni. Eré lè ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún wọn láti inú ìlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe lálẹ́, kì í sì í ṣe kí àlejò darí rẹ̀.

Lẹ́yìn agbo

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó gun ọ̀kadà, ẹ lọ bá àwọn tó sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí sórí káádíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú lẹ́tà ńlá: kí la fẹ́ ṣe, ta ló máa ṣe é, ìgbà wo. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ gbágùúdá, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ààfin. Bó bá kan owó, obìnrin ni kó mú un dání, kí ẹlòmíràn mú ìwé, kí ẹni kẹta mú kọ́kọ́rọ́.

Ẹ padà lọ wò ó kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, torí bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè, ẹ kò ní rí ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ má bèèrè pé "ṣé eré náà ràn yín lọ́wọ́?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ọmọlúàbí ni wọ́n. Ẹ rìn dé odò fúnra yín. Ẹ wo ẹsẹ̀ màlúù lórí ilẹ̀, ẹ wo bóyá ọ̀nà tí wọ́n ṣí ti hu koríko. Ẹ bi ẹni tó ń lọ gbágùúdá pé ta ló ń ṣọ́nà lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀, ẹ má bínú, ẹ má sì wàásù. Ẹ pe àwọn òṣèré jọ, kí ẹ ṣe eré mìíràn lórí ìdí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀, kí ẹ sì dá òun náà dúró láàárín.